Àgbọ̀nrín Èṣí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe náà dára, n kò sì wá síhìn-ín láti bá àwọn àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n òwe yìí gan-an ni bàbá mi máa ń pa nígbàkúùgbà tí mo bá gba ẹ̀bùn eré sísá wálé, òun náà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-èdè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni. Ọmọ tí ó bá yára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní kékeré, ǹjẹ́ yóò tún yára jù wọ́n lọ bí ó bá dàgbà? Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìkìrè ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí dòdò rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Dòdò náà ni màmá mi ń tà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọn á dín in títí yóò fi dúdú. Bí ọkọ̀ èrò bá ti rọra lójú ọ̀nà, àwa ọmọ ni a máa ń gbé igbá sá tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi yá. Kí àwọn ọmọ yòókù tó dé ojú fèrèsé ọkọ̀, èmi ti tà, mo ti gba owó, mo sì ti fún oníbàárà ní ṣéńjì.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ilé mẹ́rin ni wọ́n pín wa sí fún eré ìdárayá: aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè àti aláwọ̀ aró. Ilé aláwọ̀ pupa ni mo wà. Láti ìwé kẹta títí dé ìwé kẹfà, kò sí ọmọ tí ó ṣíwájú mi nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà. Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá lọ ní ọjà, àwọn ìyá alátà á máa kí mi, "Àgbọ̀nrín, o kú ẹsẹ̀ o." Olùkọ́ tí ó ń bójú tó eré ìdárayá wa kì í nà mí bí mo bá pẹ́ dé. Bí n kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé iṣẹ́ tèmi ń bẹ lórí pápá.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì wa tí ó rí tínńtín bí ìgbálẹ̀ ọwọ̀. Àwọn ṣòkòtò rẹ̀ máa ń já sílẹ̀ bí ó bá ń sáré, ọwọ́ kan ni yóò fi dì í mú, ọwọ́ kejì ni yóò máa fi tukọ̀ afẹ́fẹ́. Gbogbo ìgbà ni ó máa ń gbẹ̀yìn. Ìgbín ni a sọ ọ́. Ní ọdún tí a wà ní ìwé kẹfà, ó ní òun fẹ́ kópa nínú eré ìfipágbapá. Olùkọ́ wa wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìgbín, lọ máa bá wọn pọn omi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ìṣirò kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nígbà náà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995 ni wọ́n bí mi. Oṣù kọkànlá ọdún 1996 ni wọ́n bí Ìgbín. Nígbà tí a jọ dúró lórí ìlà ẹfun ní oṣù kẹta ọdún 2007, èmi ti lé ní ọmọ ọdún méjìlá, òun sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó kù díẹ̀ kí n fi ọdún méjì jù ú. Irun ti ń hù ní ètè mi. Ohùn mi ti ń kẹ̀. Ọmọdé ni òun ṣì jẹ́ pátápátá. Ẹni tí ó bá mú ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọmọdé kan, tí ó ní kí wọ́n jọ sáré, tí ó wá ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀dọ́kùnrin náà pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ǹjẹ́ kò ti tan ara rẹ̀ jẹ?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni àwọn ọmọ wa, Golden Eaglets, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ní ilẹ̀ Kòríà. Ilé aládùúgbò wa kan tí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá ni a ti wò ó. A kún ilé náà débi pé àwọn mìíràn wo ìran náà láti ojú fèrèsé. Macauley Chrisantus ni ó gbá góòlù wọlé jù lọ nínú ìdíje náà, góòlù 7. Bàbá mi gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Ṣé o rí i? Ìwọ ló kàn." Láti ọjọ́ náà ni kò ti bi mí léèrè ìwé mọ́. Ìpò kejìlélọ́gbọ̀n ni mo ṣe ní sáà àkọ́kọ́, bàbá mi wo ìwé àbájáde náà, ó ká a, ó fi sábẹ́ tímùtímù, ó ní kí n lọ sùn kí n lè tètè jí lọ sáré.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama dára. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 2009, mo dáwọ́ gíga dúró. N kò mọ̀ pé mo ti dáwọ́ dúró, nítorí kò sí ẹni tí í kan ilẹ̀kùn sọ fún ènìyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tí mo máa ń fi ìdajì pápá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìmí mi. Nígbà tí ó ṣe, èmi ni mo ń gbọ́ ìmí wọn. Mo ní ata ni mo jẹ jù. Mo ní bàtà ni. Mo ní n kò sùn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni Ìgbín ń ga. Ó ga débi pé ṣòkòtò tí ó ń já sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ di èyí tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí n kò sọ rí fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Oṣù kẹta ọdún 2012 ni, mo wà ní ìwé karùn-ún. Ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ wa ni. Bàbá mi wọ agbádá wá. Màmá mi kò lọ sójú ọ̀nà lọ tajà lọ́jọ́ náà, ó gbé ìjókòó rẹ̀ sítòsí okùn ìparí. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, mo bẹ́ jáde dáadáa, mo ṣíwájú. A ti sáré dé nǹkan bí ọgọ́ta mítà nígbà tí mo rí èjìká kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èjìká Ìgbín ni. Kò tilẹ̀ wò mí. Mo fi gbogbo agbára mi sí i, agbára náà kò pọ̀ ju èyí tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé àwọn méjì mìíràn tún ń bọ̀. Mo ṣubú. Mo di itan mi mú, mo sì kígbe.

Kò sí ohun tí ó ṣe itan náà.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo ti dójú bolẹ̀, ta ni yóò wá mọ̀? Wọ́n gbé mi. Bàbá mi bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi tẹ́ mi. Màmá mi ń sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá kan tí ó mọ̀ nípa títọ́jú eegun fi òrí ra ẹsẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáká, tí mo ń pariwo bí ó bá ti fọwọ́ kàn án. Ìgbín wá kí mi ní ọjọ́ kẹta. Ó mú ọsàn mẹ́fà wá nínú ọ̀rá. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àgbọ̀nrín, pẹ̀lẹ́ o," ó sì lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tán sí, ẹ̀rín ni à bá máa fi rín. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í dá nìkan rìn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti ń sọ ọ́ ládùúgbò wa pé àsàsí ni. Wọ́n ní báwo ni Àgbọ̀nrín ṣe lè ṣubú níbi tí Ìgbín ti ń sáré bọ̀? Ẹnìkan ní òun rí ìyá Ìgbín ní àárọ̀ ọjọ́ náà níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí pápá, tí ó ń bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Àkàrà ni ìyá Ìgbín ń dín ní ìkóríta tí ó kọjú sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Kí oṣù kan tó pé, ẹni tí ó ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan sí méjì lọ. Màmá mi pàápàá, tí wọ́n jọ máa ń pín epo rà, kò kí i mọ́. Nígbà tí ó di òpin ọdún náà, obìnrin náà kó agbada rẹ̀, ó lọ ń dín àkàrà ní Àpòmù.

Mo rí gbogbo rẹ̀. Ẹnu mi wà lára mi. N kò sọ̀rọ̀.

N kò tún sáré mọ́ lẹ́yìn náà. Mo ṣe ìdánwò àṣekágbá ní 2013, iṣẹ́ méjì péré ni mo yege. Mo ta káàdì ìpè, mo gun ọ̀kadà, mo tún ìdánwò ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, kí n tó rí ọ̀nà dé yunifásítì. Àwọn tí a jọ ń gba iṣẹ́ mọ̀ pé èmi ni mo dàgbà jù nínú kíláàsì wa. Èmi náà ni mo dàgbà jù nínú kíláàsì nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí mo dé ìhín ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé kà nípa ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Kánádà tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe eré họ́kì orí yìnyín. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní láàrin àwọn tí wọ́n yàn, àwọn tí wọ́n bí ní ìparí ọdún kò sì tó nǹkan. Kì í ṣe ìràwọ̀ ni ó fà á. Oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́, nítorí náà ẹni tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fi nǹkan bí ọdún kan dàgbà ju ẹni tí wọ́n bí ní ìparí rẹ̀. Ọdún kan kì í ṣe ohun kékeré lára ọmọ ọdún mẹ́wàá. Olùkọ́ yóò yan ẹni tí ó tóbi, yóò kọ́ ọ, yóò bá a ra bàtà. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, ọmọ náà yóò dára ní tòótọ́, nítorí pé òun ni wọ́n ń kọ́.

Ọ̀rọ̀ bíbàlágà tún ń bẹ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé nǹkan bí ọdún méjìlá ni àwọn ọmọbìnrin máa ń ga jù láàrin ọdún kan, nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sì ni ti àwọn ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn á fi ọdún méjì ṣáájú, òmíràn á fi ọdún méjì pẹ́. Ẹni tí ó ṣáájú yóò lágbára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, yóò rò pé òun ni ọba. Nígbà tí àwọn yòókù bá dé, wọn a bá a níbi tí ó dúró sí, àwọn mìíràn a sì kọjá lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, tí ó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí àtẹ̀yìnwá jọ, sọ pé nínú ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí ó ti dé ipò àgbáyé nínú eré ìdárayá kí wọ́n tó kọjá ọdún méjìdínlógún, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni kò dé irú ipò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà. Nínú àgbà mẹ́wàá tí ó sì wà ní ipò náà, nǹkan bí mẹ́jọ ni kò dé ibẹ̀ ní kékeré.

Ẹ wo àwọn ọmọ tiwa. Ìgbà márùn-ún ni Nàìjíríà ti gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ yìí: ní 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015. Ní 1987 tí a kò gbà á, tí Sófíẹ̀tì fi bọ́ọ̀lù ìfìyàjẹni borí wa ní àṣekágbá ní Kánádà, ọmọ wa Philip Osondu ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ nínú ìdíje náà. Ó lọ sí Anderlecht ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣùgbọ́n kò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin àwọn àgbà. Chrisantus tí bàbá mi fi ṣe àpẹẹrẹ fún mi pẹ̀lú lọ sí Hamburg ní Jámánì. Òun náà kò di ẹni tí a ń retí pé yóò dà. Ní ọdún 2015 ní ilẹ̀ Ṣílè, méjì nínú àwọn ọmọ wa gba ẹ̀bùn. Kelechi Nwakali ni wọ́n ní ó dára jù lọ. Victor Osimhen ni ó gbá góòlù wọlé jù lọ, góòlù 10. Nwakali lọ sí Arsenal ní 2016, ó kúrò níbẹ̀ láì gbá ìdíje kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ àgbà wọn. Osimhen lọ sí Wolfsburg ní Jámánì, níbi tí kò ti jẹ góòlù kankan nínú líìgì. Bí ẹnìkan bá dájọ́ fún un nígbà náà, yóò ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ó lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, ó tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì di sáà 2022 sí 2023, ó gbá góòlù 26 fún Napoli, òun ni ó gbá góòlù jù lọ ní líìgì Ítálì, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife, òun náà sì di agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà fún 2023. Ọmọ méjì nínú ẹgbẹ́ kan náà, ní ọdún kan náà. Ta ni ó lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?

N kò sọ pé ẹ̀bùn kékeré kì í dàgbà. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ó gba wúrà eré sísá pẹ̀lú ìdènà ní ìdíje gbogbo Áfíríkà ní Brazzaville ní 2015. Ní 2022, ó sá ọgọ́rùn-ún mítà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé kí ó tó di ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni olóògbé Rashidi Yekini ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn àgbà, ní 1994. Ti ẹnìkan yá, ti ẹnìkan pẹ́. Bí òní ti rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Ó ṣeé ṣe kí n má kọ èyí tí mo kọ yìí bí kì í bá ṣe ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ní àsìkò ọdún Àjíǹde tí ó kọjá, mo lọ sílé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń wò bí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó ní òun ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, pé òun máa ń mú àwọn ọmọ dé òkè-òkun. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà kúrò ní ilé-ìwé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó tún ní kí wọ́n lọ sí kóòtù lọ búra pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má ṣe é o. Ọdún tí ẹ bá yọ kúrò ní orí ìwé, kò ní yọ kúrò lára ọmọ." Mo sọ fún un pé láti 2009 ni àjọ FIFA ti ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán eegun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ nínú ìdíje yìí, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó ti dàgbà jù. Mo ní bí kò bá tilẹ̀ sí ẹ̀rọ, bí a bá fi ọmọ ọdún mẹ́wàá sí àárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, yóò máa borí wọn, òun pàápàá kò sì ní mọ̀ bóyá òun mọ̀ ọ́n gbá tàbí òun kàn tóbi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó ní, "Nítorí pé tìrẹ kò yọrí sí rere ni o ṣe fẹ́ kí ti ọmọ mi bàjẹ́? Bí kì í bá ṣe ti ayé tí ó ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀, ibo ni o kò bá wà lónìí?"

Ẹnu mi wọlé. Mo wá rí i pé irọ́ tí mo pa ní 2012 ṣì ń jẹun nínú ilé wa. Àgbọ̀nrín èṣí ni gbogbo wa ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀. Mo jókòó, mo sì sọ òtítọ́ fún un, níṣojú màmá mi. Mo ní kò sí ayé tí ó ṣe mí. Mo ní Ìgbín sáré jù mí lọ ni, ojú sì tì mí. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọhùn. Màmá mi dìde, ó wọ inú yàrá, a kò rí i jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, mo wá Ìgbín lọ sí Gbọ̀ngán, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá. Òun náà kò di olókìkí. Ó sáré fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí ó lọ, ó gba àmì-ẹ̀yẹ díẹ̀, ó parí síbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ọ jù lọ́jọ́ náà. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bá já kì í kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò fi sọ, nígbà tí wọ́n ń bú ìyá rẹ?"

Ó ní, "Ta ni ìbá gbà mí gbọ́? Ìgbín ni mò ń jẹ́, ìwọ sì ni Àgbọ̀nrín."

A jọ lọ sí Àpòmù ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ń bẹ nídìí agbada. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ ra àkàrà dúró, wọ́n ń wò wá. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹsẹ̀ náà ti san?"

Mo ní, "Ó ti san, mà."

Ó ní, "Dìde nílẹ̀. Epo ń ta."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun kò dárí jì mí. Ó fi ìwé di àkàrà márùn-ún fún mi, ó gba owó rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, màmá mi gbé dòdò lọ kí i. N kò mọ ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sí Èkó. Wọn kò búra èké. Inú ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dùn sí mi tán, n kò sì dá a lẹ́bi. Ọmọ náà ń lọ sí ilé-ìwé rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, á wọ ọkọ̀ lọ bá Ìgbín ní Gbọ̀ngán. Ìgbín kò jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù nìkan. Ó ní kí ó máa fò, kí ó máa lúwẹ̀ẹ́, kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Nígbà mìíràn á mú un lọ bá àwọn tí ó dàgbà jù ú, kí ó lè mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn máa gbẹ̀yìn. Mo bi Ìgbín bóyá ọmọ náà yóò di ẹni ńlá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ó bá pé ọmọ ogún ọdún, wá bi mí."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́ lọ́la, tàbí òbí. Ọmọ tí ó yára lónìí, lónìí ni ó yára. Ẹ jẹ́ kí á yìn ín fún òní, kí á má sì fi òní rẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó gbẹ̀yìn lónìí, ẹ má sọ fún un pé kí ó lọ máa pọn omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, ó sì lè má tíì dé ni. Bí ẹsẹ̀ náà kò bá sì dé mọ́, orúkọ tí a sọ ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdí tí a kò fi ní gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá ń sọ òtítọ́.

Orúkọ tí bàbá Ìgbín sọ ọ́ ni mo fi ń pè é báyìí. Òun nìkan ni ó ṣì ń pè mí ní Àgbọ̀nrín, bí ó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.